Ẹ̀rọ Dé, Oúnjẹ Ẹ̀rọ Kò Dé: Ẹ̀kọ́ Bàyọ́lọ́jì Lóde Òní

Bàyọ́lọ́jì ni ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì tó ń wádìí ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí, ìbáà ṣe ènìyàn, ẹranko, igi, koríko tàbí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, láti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń bí irú ara wọn, àti ọ̀nà tí ìrísí òbí ń gbà dé ara ọmọ. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ náà kò ju kí ó dárúkọ nǹkan, kí ó yà á sórí ìwé, kí ó sì pín in sí ìsọ̀rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ ti ń ka DNA, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ìlànà dídá ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti wọ inú ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àti ìṣirò. Iṣẹ́ kíka gbogbo DNA ènìyàn, tí àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan pawọ́ pọ̀ ṣe láti ọdún 1990 di ọdún 2003, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dọ́là owó Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ lónìí, iye tí wọn yóò fi ka ti ẹnì kan kò tó 1,000 dọ́là mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé, bí iṣẹ́ náà ṣe dínwó tó yìí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ilé-ìwé. Ní Nàìjíríà, kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe àìsí ẹ̀rọ nìkan ló fà á, nítorí lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ ni kò sí.

Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, ọmọ kì í pàdé bàyọ́lọ́jì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró títí yóò fi wọ kíláàsì àkọ́kọ́ nílé-ìwé girama àgbà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SS1; ṣáájú ìgbà náà, inú sáyẹ́ǹsì alápapọ̀ ló ti ń ta sí i létí. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín ìgbà náà àti ìdánwò WAEC tí wọ́n fi ń jáde ní girama, ìdánwò náà sì ní apá kan tí wọ́n ń pè ní prátíkà, níbi tí wọn yóò ti gbé nǹkan gidi ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́, bí aáyán, eegun ọrùn ehoro, òdòdó, tàbí èso tí wọ́n là sí méjì, tí wọn yóò sì ní kí ó dá a mọ̀, kí ó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ó sì yà á. Òfin yíyà náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń yà á, kì í ṣe bírò. Àwòrán ní láti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Rúlà ni wọ́n fi ń fa ìlà tó ń tọ́ka sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìlà náà kò gbọdọ̀ ní orí ọfà, kò sì gbọdọ̀ gba orí ìlà mìíràn kọjá. Lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gígùn nǹkan gidi pín gígùn àwòrán, kí ó lè sọ iye ìgbà tí àwòrán fi tóbi ju nǹkan náà lọ. Òfin dáadáa ni gbogbo rẹ̀, nítorí ojú tó bá kọ́ láti wọn nǹkan ni ojú tó lè ṣe sáyẹ́ǹsì, àmọ́ ọmọ lè há gbogbo rẹ̀ sórí, kí ó sì gba máàkì lé e lórí, láìjẹ́ pé ó ti tẹjú mọ́ aáyán kankan rí tí kì í ṣe pé ó fẹ́ fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn láàbù wọn tó ń ṣí, ìyẹn yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ní ti àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò láìsí nílé-ìwé, orí ìwé ni wọ́n ti ń béèrè iṣẹ́ àfọwọ́ṣe náà lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè, ẹ̀dá oníyè fúnra rẹ̀ ni kò wọ́n. Ilé-ìwé tó wà ní Ìkirè tàbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní ohun kan tí yóò rà lókè òkun láti fi kọ́ ọmọ bí ẹ̀fọn ṣe ń pa ara dà, nítorí tanwíjí wà nínú dúrọ́ọ̀mù omi òjò tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Ekòló wà lábẹ́ ilẹ̀ tútù, ọ̀pọ̀lọ́ ń ké nínú gọ́tà, ẹ̀wà tí wọ́n sì fi sáàárín òwú tútù yóò ta gbòǹgbò kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tó wọ́n ni èyí tí yóò jẹ́ kí ojú rí inú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èyí ni iṣẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ẹni tó bá gbójú lé e. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń fi í ṣe ni ti àlùbọ́sà: olùkọ́ yóò gé àlùbọ́sà, yóò fi èékánná tàbí abẹ bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín ìpele méjì, yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, yóò kán áyódìn lé e, yóò sì fi gíláàsì tín-ín-rín mìíràn bò ó díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí i. Bí ọmọ bá wò ó, yóò rí àwọn yàrá gígùn tó tò ti ara wọn, tí àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bò, tí ẹ̀kán kan tó dúdú ju ìyókù lọ sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán yẹn ni ilé DNA. Kò sí àwòrán inú ìwé tó lè ṣe iṣẹ́ tí ìwò àkọ́kọ́ yìí ń ṣe nínú ọpọlọ ọmọ, nítorí àwòrán inú ìwé ti parí kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ awò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a rí.

Awò náà kò ní láti jẹ́ ti olówó ńlá. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní Netherlands, Antonie van Leeuwenhoek, fi gíláàsì kékeré kan ṣoṣo tó dán ní ọwọ́ ara rẹ̀ rí àwọn ẹ̀dá wíwínníwínní inú omi àti inú èérí eyín, nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ayé ìgbà náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà. Ọgbọ́n gíláàsì kan ṣoṣo yìí ni Manu Prakash àti Jim Cybulski ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tún gbé dìde nígbà tí wọ́n gbé Foldscope jáde ní ọdún 2014, èyí tí í ṣe máíkírósíkóòpù tí wọ́n ń ká láti ara páálí, tí àwọn ohun èlò inú rẹ̀ kò tó dọ́là kan nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, tó sì ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 140. Kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé tó o. Ó lè lẹ̀ mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, kí gbogbo kíláàsì sì jùmọ̀ wo ohun kan náà, èyí tó yanjú ìṣòro tó ti pẹ́ tí olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ti ń bá yí, pé kì í mọ̀ bóyá sẹ́ẹ̀lì ni ọmọ ń wò ni tàbí eruku. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé páálí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irin. Awò ńlá inú láàbù tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1,000 ṣì ni wọ́n fi ń rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò sì di nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́la kò lè sá fún un.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó kan owó, tí àwọn àgbà pè ní kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Òfin tó dá àjọ UBEC sílẹ̀ ní ọdún 2004 ya ó kéré tán ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ó sì ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ wá kí ó tó rí nínú rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí òfin náà ń wí parí sí ọdún kẹta ilé-ìwé girama kékeré, ìyẹn JSS3. Ní apá kejì, owó orí ẹ̀kọ́ tí àwọn iléeṣẹ́ ń san títí di òpin ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993 pẹ̀lú ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn, tó sì lé sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ni àjọ TETFund ń pín láti ọdún 2011. Àwọn yunifásítì, ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tí í ṣe ti ìjọba ló ń pín in fún. Bí ènìyàn bá fi òfin méjèèjì wé ara wọn, yóò rí i pé ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi ń kọ́ bàyọ́lọ́jì gan-an, SS1 dé SS3, bọ́ sí àárín wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé-ìwé girama ìjọba, ohun tí ìpínlẹ̀ bá sì rí fi sílẹ̀ lẹ́yìn owó oṣù olùkọ́ ni láàbù yóò jẹ. Èyí tí kò bá tó, owó PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ni, ìyẹn ni pé àpò òbí ló ń wò. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé láàbù ilé-ìwé tí òbí rẹ̀ jẹ́ olówó ní Ìkòyí kò lè jọ ti ilé-ìwé abúlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì yóò jókòó ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Àlàfo yìí kọ́ ni ìṣòro kan ṣoṣo tó wà lára owó náà. Owó tí wọ́n fi ń kọ́ ilé yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fi ń gbé inú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe ìsúná sì fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń pe oníròyìn nígbà tí gómìnà bá ń gé ríbọ́ọ̀nù níwájú láàbù tuntun, kò sí ẹni tó ń gé ríbọ́ọ̀nù fún ìgò áyódìn, fún gíláàsì pẹlẹbẹ tó fọ́, fún gílóòbù máíkírósíkóòpù tó jó, tàbí fún owó oṣù òṣìṣẹ́ láàbù tí yóò máa fọ gbogbo rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lọ́kọ̀ọ̀kan, rírà wọn kì í sì í tán, nítorí náà ni ó fi ṣòro láti rí ẹni tí yóò bá wọn dá májẹ̀mú ọdún mẹ́wàá. Àwọn olóore láti òkè òkun pàápàá kò yàtọ̀: wọ́n á kó ẹ̀rọ ránṣẹ́, ìwé ìlò rẹ̀ á wà ní èdè mìíràn, ẹ̀yà rẹ̀ tó bá bàjẹ́ kò ní sí ní ọjà Aláàbà, ọdún kejì ni ẹ̀rọ náà yóò sì ti di ohun tí wọ́n fi aṣọ bò ní igun yàrá.

Ibi tí èyí ti hàn jù lọ ni ẹ̀kọ́ DNA ní yunifásítì. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní PCR, tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àrùn Kòrónà. Kary Mullis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ronú kan ọgbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1983, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 1993. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti sọ DNA tó kéré jọjọ di púpọ̀ títí yóò fi ṣeé yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ mú ooru dé ìwọ̀n 95 kí okùn DNA méjì tó wé mọ́ra lè tú, yóò rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí nǹkan bíi 55 kí àwọn okùn kúkúrú tó ń sàmì sí ibi tí iṣẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ọn, yóò tún gbé e lọ sí 72 kí ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, lè hun okùn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí DNA ṣe ń di ìlọ́po méjì nìyẹn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyípo bá pé 30, ẹyọ kan yóò ti lé ní bílíọ̀nù kan, níwọ̀n bí nǹkan kò bá dí i lọ́wọ́. Ara kòkòrò kan tó ń gbé nínú omi gbígbóná ní ọgbà Yellowstone ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rí ẹ́ńsáìmù náà, ìdí rẹ̀ nìyí tí ooru kò fi ń pa á.

Ooru kò pa á lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú àpótí, òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo ló gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀fẹ̀ kíkorò tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́ fún olùkọ́ yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Èròjà náà ń bọ̀ láti òkè òkun nínú yìnyín, bí ìwé rẹ̀ bá sì há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú Èkó fún ọjọ́ mélòó kan, yìnyín á yọ́; bí ó bá dé láàbù láyọ̀, iná NEPA á lọ, jẹnẹrétọ̀ á béèrè dísù, fìríìjì á bẹ̀rẹ̀ sí í lóòógùn; bí ó bá sì jẹ́ pé ìyípo kọkànlélógún ni iná lọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti dòfo, kẹ́míkà tí wọ́n pò pọ̀ kò sì ṣeé kó padà sínú ìgò. Nítorí náà ni akẹ́kọ̀ọ́ fi lè gboyè jáde nínú ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè kí ó jẹ́ pé láti ẹ̀yìn olùkọ́ ló ti ń wo ẹ̀rọ PCR, òun àti àádọ́ta ènìyàn mìíràn. Àwọn onímọ̀ kan ti ń wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn òtútù: ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Northwestern àti MIT ní Amẹ́ríkà gbé BioBits jáde, àpò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbẹ àwọn èròjà inú rẹ̀ títí wọn kò fi nílò fìríìjì mọ́, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti bu omi sí i, tó fi DNA kún un, àwọ̀ tó ń tàn yóò yọ. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kí ilẹ̀ olóoru máa dù, ju ẹ̀rọ tó tóbi lọ.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ ńlá kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí. Ní ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Yunifásítì Redeemer's, ibùdó ìwádìí kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ ACEGID, tí Christian Happi, ọ̀jọ̀gbọ́n tí a bí ní Cameroon, jẹ́ olùdarí rẹ̀, tí Báńkì Àgbáyé sì wà lára àwọn tó gbówó kalẹ̀ fún un láti ọdún 2014. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà, ọkùnrin kan tó ti Ítálì wá, fara hàn ní òpin oṣù Èrèlé ọdún 2020, ibùdó yìí ni wọ́n ti ka ìlànà kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, èyí sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n kà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń ṣòfin owó ẹ̀kọ́ wò níbẹ̀ ni bí owó Báńkì Àgbáyé náà ṣe ń rìn: kì í dà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún kíkọ́ ilé, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń mú ohun tó ṣèlérí ṣẹ, bí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó gboyè àti ìwádìí tó tẹ̀ jáde, ni òmíràn ń tẹ̀ lé e. Àmọ́ yunifásítì aládàáni ni Redeemer's, ibùdó kan ṣoṣo kò sì lè kọ́ gbogbo ọmọ Yorùbá ní DNA.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń nawọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà àbùjá. Òótọ́ ni pé ohun púpọ̀ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: Yunifásítì Rice ní Texas ní ìwé bàyọ́lọ́jì odindi kan lábẹ́ OpenStax tí ẹnikẹ́ni lè gbà sórí fóònù, PhET, tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Colorado ní ọdún 2002, ní eré orí kọ̀ǹpútà tí ọmọ fi lè yí ojú ọjọ́ àti oúnjẹ àwọn ehoro padà, kí ó sì wo irú èyí tí yóò kú àti irú èyí tí yóò pọ̀ sí i láti ìran dé ìran, ó sì ṣeé gbà sílẹ̀ kí wọ́n máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàbù orí ẹ̀rọ dára fún ohun tí ojú ènìyàn kò lè dúró wò, irú bí ẹgbẹ̀rún ọdún. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ọmọ tó bá fi ìka tẹ fóònù láti gé ọ̀pọ̀lọ́ kò tíì mọ bí awọ ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́, kò sì mọ pé ìfun ẹranko kì í ní àwọ̀ mèremère tí wọ́n fi kùn ún nínú àwòrán.

Èdè pẹ̀lú wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ tàbí tó ń tì í. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, owó Ford Foundation sì ló gbé iṣẹ́ náà ró. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ nígbà náà fi hàn pé èdè náà tó iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí owó olóore parí, kò sí ìjọba tó gbé e dé ilé-ìwé girama.

Yàtọ̀ sí ti èdè, ọ̀nà kan tún wà tí ẹ̀kọ́ DNA òde òní gbà kan Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lágbàáyé lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap ní ọdún 2002 láti mọ ibi tí DNA ènìyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, Yorùbá Ìbàdàn wà lára àwùjọ mẹ́rin àkọ́kọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, pẹ̀lú àwọn ará Tokyo, àwọn ará Beijing àti àwọn ará Utah ní Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Yúróòpù wá. 90 ni àwọn tó yọ̀ǹda láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Ní ọdún 2008, ìwé ìròyìn Nature tẹ odindi DNA ọkùnrin Yorùbá kan nínú wọn jáde láìdárúkọ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ́kọ́ ka tiwọn tán láyé. Gbogbo àkọsílẹ̀ yìí wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àmì YRI, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Boston dé Seoul sì fi ń kọ́ iṣẹ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi àkọsílẹ̀ yìí ṣe kò jìnnà sí ilé. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó ń bá àwọn tí jẹnotáìpù wọn jẹ́ SS jà, ti ara àṣìṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA wá: lórí kúrómósómù kọkànlá, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì, nínú jíìnì tó ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, T wọlé síbi tí A yẹ kí ó wà. Àwọn onímọ̀ fún ibẹ̀ ní nọ́ńbà, rs334. Bí ọmọ SS3 kan ní Ìbàdàn bá ṣí ojú-ewé Ensembl, tí àwọn olùwádìí ní Hinxton lẹ́bàá Cambridge ń bójú tó, tó tẹ nọ́ńbà náà sí i, yóò rí ìlà YRI láàárín ìlà àwọn ẹ̀yà mìíràn, pẹ̀lú ìdá tí lẹ́tà náà kó nínú gbogbo ẹ̀dà jíìnì náà láàárín wọn. Láti ibẹ̀, ìṣirò tí wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì yóò jẹ́ kí ó mọ iye ẹni tó yẹ kí ó jẹ́ AS nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn àwọn tó jogún lẹ́tà náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, yóò sì lè fi í wé ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, pé bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS. Ojú-ewé náà kò gba owó, kò béèrè fìríìjì, kẹ́míkà tàbí dísù. Fóònù kan tí dátà wà lórí rẹ̀ ló ń béèrè, àti olùkọ́ tí òun náà ti ṣí i wò rí, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ní Ìbàdàn ló ní méjèèjì.